Làpálàpá orí ọmọ mi ń lọ, ó ń bọ̀: èwo ni kí n ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún márùn-ún ni. Láti ìgbà tí a ti gé irun rẹ̀ fún ọdún Iléyá ni làpálàpá ti mú un lórí. Wọ́n ta ìpara kan fún mi ní kẹ́mísì, wọ́n ní kò sí kòkòrò tí kì í pa. Tí mo bá ti fi pa á fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, kì í yún un mọ́, ojú ibẹ̀ á sì fẹ́ẹ̀ dán. Tí mo bá dáwọ́ dúró báyìí, ó tún dé nìyẹn, á sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní báyìí, òbìrìkìtì kan ti yọ sí àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ́rùn. Ìyá ọkọ mi ní kí n lọ já ewé asúnwọ́n. Onígbàjámọ̀ ní kí n fá orí ọmọ kodoro. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó má wá sí ilé ìwé mọ́ títí yóò fi san. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

Ìyá ọmọ méjì, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ìpara yẹn bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó yín ń gbà lọ.

Ẹ yí túùbù náà padà, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sí i lára. Bí ẹ bá rí clotrimazole tàbí ketoconazole, oògùn làpálàpá nìyẹn. Bí ẹ bá tún rí betamethasone, clobetasol tàbí dexamethasone lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n lú mọ́ ọn. Sítẹ́rọ́ìdì kì í pa kòkòrò làpálàpá. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ara ọmọ dáwọ́ ìjà dúró, ìjà yẹn ló sì ń fa yíyún àti pípọ́n tí à ń rí. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹta tí ẹ rò pé ó ń san, kòkòrò ń bẹ níbẹ̀, ó ń gbilẹ̀ láìsí ẹni tó dá a lẹ́kun. Ìgbà tí ẹ bá dáwọ́ dúró ni ara tún ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, tí ibẹ̀ á sì gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Tí irú ìpara bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ lára ọmọdé, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, àwòrán làpálàpá á sì dàrú débi pé dókítà pàápàá lè ṣì í mọ̀. Ìpara amúlùmálà yìí ń tà gan-an, torí ó máa ń jọ pé ó ń ṣiṣẹ́ kíákíá. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé e tì.

Ṣùgbọ́n kódà ká ní oògùn làpálàpá nìkan ló wà nínú túùbù yẹn, orí ọmọ yín kò ní torí ẹ̀ san. Ohun tó ń fa làpálàpá kì í ṣe aràn tàbí ìdin. Ìbátan ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu ni, èròjà tó mú irun, èékánná àti òkè awọ le ló sì ń jẹ. Tó bá wà ní apá tàbí ní ikùn, òkè awọ ló dúró sí, ìpara á sì bá a níbẹ̀. Tó bá jẹ́ orí ni, ó máa ń bá irun wọlẹ̀ lọ sí gbòǹgbò, á sì wọ inú irun fúnra rẹ̀. Ẹ mú ọmọ jáde sí ojúmọmọ, kí ẹ wo ibi tí irun ti re náà dáadáa. Ẹ ó rí èépá funfun, ẹ sì lè rí àmì dúdú tíntìntín. Irun tó já sí ẹnu awọ ni àmì yẹn. Tí ẹ bá fi ìka méjì fa èyí tó gùn díẹ̀ níbẹ̀, á jáde wẹ́rẹ́, ọmọ lè má tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ìpara kò lè dé ibi tí irun yẹn ti fà yọ.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti mọ èyí. Kí wọ́n tó rí oògùn mímu lọ́dún 1958, X-ray ni wọ́n ń tàn sí orí àwọn ọmọdé ní àwọn ìlú kan kí gbogbo irun lè re, kí kòkòrò lè bá irun lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ náà dàgbà ni wọ́n tó rí i pé ìtànṣán yẹn ń fa kókó nínú ọpọlọ fún àwọn kan nínú wọn. Tiwa tún rọrùn, hóró oògùn la ó gbé mì.

Oògùn mímu ni ọmọ yín nílò, dókítà ló sì máa kọ ọ́. Griseofulvin ni èyí tó ti pẹ́ jù lọ, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ọmọ sábà máa ń lò ó, ìgbà mìíràn á jù bẹ́ẹ̀. Terbinafine wà pẹ̀lú, òun kì í sábà ju bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ. Ìwọ̀n ara ọmọ ni wọ́n fi ń ṣírò iye tó máa lò, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ má fi iye tí ọmọ aládùúgbò lò díwọ̀n tiyín. Tí wọ́n bá fẹ́ gé irun díẹ̀ tàbí ha èépá lọ fún àyẹ̀wò, ẹ gbà fún wọn. Bí ọmọ bá ń lo phenobarbitone nítorí gìrì tàbí wárápá, tàbí tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bá ní ìṣòro, ẹ tètè sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn, torí phenobarbitone máa ń dín agbára griseofulvin kù.

Ohun kan wà tí àwọn ìyá kì í sábà gbọ́ tí wọ́n bá ń gba griseofulvin: ọ̀rá ló ń gbé e wọ ara. Bí ọmọ bá lò ó pẹ̀lú ẹ̀kọ mímu lásán, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á gba ìdí jáde. Lẹ́yìn àkàrà, ẹyin díndín, ẹ̀pà tàbí mílíìkì tí wọn ò yọ ọ̀rá rẹ̀ ni kí ẹ fún un. Tí irun bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ má rò pé ó ti tán. Ẹ lò ó dé ọjọ́ tí wọ́n dá.

Bí ara ọmọ bá sú wínníwínní lẹ́bàá etí, ní ọrùn tàbí ní àyà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ má tíì dá a dúró. Ara ló ń fèsì sí kòkòrò tó ń kú, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ń rò pé oògùn ló bá ọmọ jà. Ẹ fi han dókítà tàbí apòògùn yín kó lè dá yín lójú. Ṣùgbọ́n bí ètè tàbí ojú bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ìyẹn yàtọ̀: ẹ gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé ìwòsàn.

Hóró ketoconazole ńkọ́, tí wọ́n máa ń tà fún àwọn àgbàlagbà? Ẹ má fún ọmọ ní in. Láti 2013 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ nítorí ẹ̀dọ̀. Ṣáńpù rẹ̀ ni kò léwu, a sì nílò rẹ̀: ṣáńpù ketoconazole 2%, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lórí fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó ṣàn án. Kò lè wo làpálàpá orí fúnra rẹ̀, àmọ́ kò ní jẹ́ kí ọmọ máa pín in káàkiri. Gbogbo ará ilé ni kó fi fọ orí fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìyá àgbà pẹ̀lú. Làpálàpá orí kì í sábà mú àgbàlagbà, ṣùgbọ́n àgbàlagbà lè gbé e sórí láìsí àmì kankan. Ẹ wo ajá tàbí ológbò inú ilé náà, bóyá irun rẹ̀ ń re.

Ìyá ọkọ yín kò purọ́. Ewé asúnwọ́n òyìnbó ń bá irú kòkòrò yìí jà lóòótọ́, mi ò sì ní bá àgbà jiyàn lórí èyí tó wà lára awọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìpara náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí ewé: kò lè dé inú irun. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kó má kan orí ọmọ rárá ni kẹrosín, epo bẹntiróò àti omi bátìrì. Orí tí omi bátìrì bó lè má hu irun mọ́ láéláé.

Fífá orí kì í wò ó. Ẹ gé irun náà mọ́lẹ̀ kí ṣáńpù lè ráyè ṣiṣẹ́, ó tó. Abẹ á kàn dá egbò sí i ni. Ẹ ra kílípà tiyín, kí ẹ máa gbé e lọ bá onígbàjámọ̀, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ti ń ṣe. Bó bá jẹ́ tirẹ̀ ló máa lò, ẹ ní kó kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn gbogbo irun kúrò lẹ́nu kílípà kó tó da sípírítì sí i, torí àárín irun tó há síbẹ̀ ni kòkòrò máa ń sá pamọ́ sí. Òòyà, fìlà àti ìrọ̀rí ọmọ gbọ́dọ̀ dá wà.

Ẹ bá mi kí olùkọ́ náà, kí ẹ sì sọ fún un pé ọjọ́ tí ọmọ bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn mímu àti ṣáńpù, ó lè padà sí kíláàsì. Kí wọ́n má ṣáà jẹ́ kí àwọn ọmọ máa gba fìlà ara wọn dé.

Ti àbúrò rẹ̀ rọrùn. Clotrimazole lásán, tí kò ní sítẹ́rọ́ìdì, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹ fi pa á kọjá etí òbìrìkìtì náà díẹ̀, kí ẹ sì máa pa á lọ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ojú ibẹ̀ bá ti dọ́gba. Ẹ yẹ orí òun náà wò, kó má jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀.

Bí orí ọmọ ọkùnrin yín bá wú, tó ń rọ̀ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, tí ọyún ń sun, tí kókó yọ lẹ́yìn ọrùn tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ là á bí eéwo. Làpálàpá náà ló gbòde bẹ́ẹ̀, tó bá sì pẹ́, ó lè fi àpá tí kò ní hu irun mọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ rí dókítà.