Ibi tí owó ń gbà lọ nínú sátẹ́láìtì rédà

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè bóyá a lè ṣe sátẹ́láìtì rédà olówó pọ́ọ́kú tí yóò wúlò nígbà omíyalé, mo ní ó ṣeé ṣe, àmọ́ ohun tí ẹ bá fẹ́ kí ó rí ni yóò sọ iye tí ẹ ó ná. Ìdí iná àti bátìrì sátẹ́láìtì kéékèèké ni mo ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ sì ni owó ti ń lọ jù.

Sátẹ́láìtì tó ní kámẹ́rà, irú NigeriaSat-1 ti ọdún 2003, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni ó ń gbà, nítorí náà ìkúukùu lè dí i lójú ní àsìkò òjò gan-an tí a nílò rẹ̀. Rédà kò bìkítà fún ìkúukùu tàbí òkùnkùn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò ta ìgbì rédíò sílẹ̀ láti nǹkan bí 500 sí 600 kìlómítà lókè, tí yóò sì dúró de ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá padà. Ẹ kò sì lè gé ẹ̀ríàlì rẹ̀ kúrú bó ṣe wù yín, nítorí bí ó bá kéré jù, ìgbì tó ń padà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ yóò dàpọ̀ mọ́ra.

Ooru ni ó le jù. Nínú yàrá ìdánwò tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, a máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, a ó máa wo bí ẹ̀rọ tó ń fún ìgbì lágbára ṣe ń gbóná sí i ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé ooru náà lọ. Bí ó bá ti dé ààlà, a gbọ́dọ̀ pa á. Ìdí nìyí tí sátẹ́láìtì rédà kékeré fi ń ya àwòrán fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré nínú ìyípo ayé kan, tí yóò sì sinmi kí ara rẹ̀ lè tutù.

Ẹni tó bá ní dandan ni kí òun rí nǹkan tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà kan lọ, agbára púpọ̀ ni yóò ná, ilẹ̀ tóóró ni yóò sì rí. NovaSAR-1, sátẹ́láìtì rédà kékeré tí wọ́n kọ́ ní Guildford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì gbé lọ sójú ọ̀run láti Íńdíà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, lè fi nǹkan mítà 6 hàn lórí ilẹ̀ tóóró, tàbí mítà 20 lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 100 kìlómítà. Lójú tèmi, èkejì yìí ni omíyalé nílò. Ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, omi ọdún 2012 àti ti 2022 tàn kálẹ̀ gan-an. Omi tó tẹ́jú a sì máa dúdú nínú àwòrán rédà, torí ìgbì tó bá kàn án á ta lọ síbòmíràn. Àárín ilé ni kí ẹ ti ṣọ́ra, nítorí omi àti ògiri máa ń jùmọ̀ dá ìgbì padà, ibi tí omi wà á wá mọ́lẹ̀ rekete.

Kí ẹ tó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kankan, ẹ lọ gba àwòrán tí Sentinel-1, sátẹ́láìtì rédà ti ilẹ̀ Yúróòpù, yà ní Lọ́kọ́ja lọ́dún 2022 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ di bàìbàì, kí ohun tó kéré jù tó lè fi hàn di mítà 30, kí ó di 50, kí ó di 100, kí ẹ sì gbé e fún àwọn tó ń kó aráàlú kúrò nínú omi. Ibi tí wọ́n bá ti sọ pé àwọn kò lè fi ṣiṣẹ́ mọ́, ẹ kọ nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ sínú ìwé ètò yín, kí ẹ sì fi owó tó bá ṣẹ́kù ṣe sátẹ́láìtì kejì, kí àwòrán lè máa tètè dé ọwọ́ wọn.