Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Jíìpù Tó Ń Mu Epo Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Highlander 2003 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì V6. Adó ni mò ń gbé, mo sì máa ń lọ sí Ìkọ̀lé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, epo tó ń gbé mi fún ọ̀sẹ̀ kan kì í tó ọjọ́ mẹ́rin mọ́. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti fọ injector tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, kò yí padà. Mẹ́káníìkì wá ní kí n lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí ni pé bí mo bá ti bọ́ sí títì, ọwọ́ gééjì ooru kì í dé àárín mọ́. — Òǹkàwé kan, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra sẹ́ńsọ̀ kankan. Ọ̀rọ̀ gééjì tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín ni ká kọ́kọ́ mú. Ẹ rántí dáadáa: ǹjẹ́ ọkọ̀ yìí gbóná jù ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tí wọ́n sì bá yín tún un ṣe? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe gidigidi pé wọ́n ti yọ thermostat rẹ̀ dànù.

Ìlẹ̀kùn kékeré ni thermostat, ó wà níbi tí páìpù ìsàlẹ̀ radiétọ̀ ti wọ ara ẹ́ńjìnnì. Ìgbà tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82 lórí ìwọ̀n Celsius ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Kó tó dìgbà náà, ṣe ló ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì kí ara rẹ̀ lè tètè yá. Àwọn mẹ́káníìkì kan, bí ọkọ̀ bá ti ń gbóná jù, wọ́n á yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní kí oníwáyà so fáànù tààrà, kó máa yí látìgbà tí ẹ bá ti sítáàtì. Ọkọ̀ ò ní gbóná mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì á máa fi òtútù ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá rí i pé omi kò kọjá 60 tàbí 65, á gbà pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á sì máa bu epo kún epo bí ìgbà tí ẹ sítáàtì láàárọ̀ ọyẹ́. Gíà tó ga jù lọ náà kì í tètè wọlé nínú òtútù. Epo tí kò jó tán á máa ṣàn lọ bá ọ́ìlì, ìyẹn ló sì ń jẹ ẹ́ńjìnnì láti inú.

Bí ẹ ó ṣe mọ̀ rèé. Láàárọ̀, kí ẹ tó sítáàtì, ẹ fọwọ́ kan páìpù ìsàlẹ̀ radiétọ̀. Ẹ sítáàtì, kí ẹ máa fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ yín jìnnà sí fáànù àti bẹ́líìtì. Bí thermostat bá wà níbẹ̀, páìpù náà á tutù títí gééjì yóò fi súnmọ́ àárín. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ ti há sí ṣíṣí. Ẹni tó bá ní scanner, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, lè jẹ́rìí sí i lójú títì: láàárín 82 sí 95 ló yẹ kí ooru omi wà.

Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ dán an wò kí wọ́n tó fi sí i. Ẹ fi okùn gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi tó wà lórí iná, kó má kan ìdí ìkòkò. Kó pa dé nínú omi tútù, kó ṣí kí omi tó hó, kó sì padà pa dé bó bá tutù. Èyí tí kò bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Rọ́bà tuntun ni kí wọ́n fi sí i, kí irin kékeré tó ń mì lára rẹ̀ sì kọjú sókè kí afẹ́fẹ́ lè ríbi jáde. Coolant àti omi, ìlàjì-ìlàjì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi thermostat sí ọkọ̀ padà láì wá ohun tó mú un gbóná nígbà yẹn: radiétọ̀ tó dí, ìdérí rẹ̀ tí rọ́bà ti gé, tàbí fáànù tí kò yí. Bí ẹ bá fò ó, ọkọ̀ á tún gbóná lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé, wọ́n á sì tún yọ thermostat náà.

Bó bá ṣe pé thermostat wà níbẹ̀, ẹ wo púlọ́ọ̀gì. 6 ni ọkọ̀ yín ní. Mẹ́ta iwájú rọrùn láti yọ. Mẹ́ta ẹ̀yìn wà lábẹ́ irin ńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ọ̀pọ̀ ló sì máa ń pààrọ̀ mẹ́ta, tí wọ́n á gbowó mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n yọ lé yín lọ́wọ́. Èyí tó dúdú bí èédú ìdí ìkòkò ń sọ pé epo pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà ni bíréèkì. Ẹ wà á díẹ̀ láì tẹ bíréèkì lé, ẹ páàkì, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ ríìmù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó gbóná ju ìyókù lọ ń há. Ti táyà kò gba àlàyé: ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára férémù ìlẹ̀kùn awakọ̀ ni kí wọ́n fún un, láàárọ̀ kí táyà tó gbóná.

Ẹ wá fi ìṣirò mọ ibi tí ẹ dé. Ẹ rọ epo kún táǹkì títí ẹnu pọ́ǹpù yóò fi gé fúnra rẹ̀, ẹ dá òǹkà ìrìn padà sí òdo, ẹ rìn tó máìlì 120, kí ẹ padà sórí pọ́ǹpù kan náà. Máìlì ni ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, nítorí náà ẹ fi 1.6 sọ ọ́ di púpọ̀: kìlómítà 192. Bó bá gba lítà 32, kìlómítà 6 lẹ ń rìn lórí lítà kan. Lójú títì, ọkọ̀ yìí tí ara rẹ̀ dá yẹ kó rin nǹkan bí 8. Bó bá wà lábẹ́ 5, ohun kan ṣì ń ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, mo máa ń fi gíà sí neutral kí epo má baà jó. Ìyàwó mi ní ó léwu. Ta ló jàre? — Òǹkàwé kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ló jàre, sà, lórí ewu àti lórí epo. Nínú ẹ́ńjìnnì oní-injector, bí ọkọ̀ bá wà nínú gíà tí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rótù, kọ̀ǹpútà á sé epo pátápátá. Àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Ní neutral, ó gbọ́dọ̀ jó epo kó má baà kú. Bíréèkì nìkan ló sì kù láti di ọkọ̀ mú, bó bá gbóná jù lórí ìsọ̀kalẹ̀ gígùn, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní mú. Ẹ fi sí gíà kejì tàbí ìkẹta.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní kí n yọ catalytic converter, àpótí tó ń sẹ́ èéfín lára páìpù èéfín, kúrò lára 4Runner mi, pé òun ló ń jẹ epo, òun á sì rà á lọ́wọ́ mi. — Òǹkàwé kan, Ìkẹ́rẹ́

ÌDÁHÙN: Platinum, palladium àti rhodium, àwọn irin olówó iyebíye tó wà nínú rẹ̀, ló ń wá. Èyí tí kò dí kì í jẹ epo. Bí ẹ bá fura pé ó dí, kí wọ́n yọ sẹ́ńsọ̀ iwájú rẹ̀, kí wọ́n fi gééjì sí ojú ihò náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan tí gééjì sì kọjá 3 psi, ó ti dí. Púlọ́ọ̀gì tàbí coil (ohun tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tó ń mú ẹ́ńjìnnì sín, ló sábà máa ń dí i, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.