Èsì: ọkọ̀ tí ilé ìtajà tuntun máa fà sí Ìpàjà Road

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ń bèèrè bí a ṣe ń mọ ìdíwọ́ tí ilé ìtajà náà máa dá sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ ọ.

Ẹ ka ọkọ̀ tó ń kọjá báyìí láàárín Túsìdeè sí Tọ́sìdeè, kí ẹ tún ka ti Sátidé. Ẹ ya danfó, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sọ́tọ̀. Ẹ má gbé iye ọkọ̀ tí wọ́n kà ní ilé ìtajà Amẹ́ríkà wá ṣírò o, danfó ló ń gbé ọ̀pọ̀ oníbàárà tiwa. Ẹ lọ ka ọkọ̀ tó ń wọlé lẹ́nu géètì ilé ìtajà tó jọ ọ́ ní àdúgbò.

Àwọn kan ti ń gba ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n kàn máa yà ni. Ẹ yọ wọ́n nínú ọkọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ẹ ka wọ́n mọ́ ọkọ̀ tó máa wọ géètì.

Géètì yẹn gan-an ni wàhálà. Bí ọkọ̀ 240 bá ń dé ní wákàtí kan, tí gbígba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu géètì ń gba ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá 20, 180 péré ló máa wọlé. 60 tó kù, ní mítà 6 fún ọkọ̀ kan, ti di ìlà mítà 360 lójú títì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti géètì wọnú ọgbà, kí wọ́n sì ṣí ẹnu ọ̀nà kejì.