Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Èròjà Olówó Gọbọi Nínú Sípíkà Àtijọ́

Lẹ́tà mẹ́ta ni a mú nínú àwọn tó dé ọ̀dọ̀ wa lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ: sípíkà tó ti pẹ́ nílé, tí ẹni tó ni ín kò fẹ́ jù nù, tó sì ń fẹ́ kó tún dùn bí ó ti ń dùn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọdún 1974 ni bàbá mi ra sípíkà méjì kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí pákó àpótí wọn ṣì ń dán di òní. Pálọ̀ wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, ni wọ́n wà láti ìgbà náà. Bí mo bá gbé àwo àpàlà sí i báyìí, ohùn olórin ṣì ń jáde ketekete, ṣùgbọ́n ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo dà bí ẹni pé inú àpò ni wọ́n ti ń lù wọ́n. Ọmọ mi tó ń gbé ní Jámánì ti ṣe tán láti fi kàpásítọ̀ ilé-iṣẹ́ Mundorf ránṣẹ́, irú èyí tí fàdákà àti wúrà wà nínú rẹ̀, kí a lè fi pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú kírọ́sófà wọn, ìyẹn pátákó tó ń pín ohùn nínú àpótí. Àbúrò mi sọ pé owó tí ọmọ náà fẹ́ ná yóò ju iye tí a lè ta sípíkà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbà nínú àwọn méjèèjì? (Bàbá kan, Òkè-Fìà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá yín, sà. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ àìsàn kàpásítọ̀ púpọ̀, ọmọ yín kò sì ṣìnà bó ṣe ní inú kírọ́sófà ni kí ẹ lọ wò. Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ rọra ni ọ̀rọ̀ pé kí ẹ pààrọ̀ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.

Ohùn nínípọn àti ohùn tínínrín ni ó máa ń jọ gba orí wáyà kan náà láti inú àmúpìlífáyà wọ inú àpótí sípíkà, kírọ́sófà ni yóò sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀, bíi ti àkúbà àti àgídìgbo, yóò lọ sọ́dọ̀ wúfà tó tóbi. Ohùn òkè, bíi ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, yóò lọ sọ́dọ̀ tuwítà kékeré. Kọ́ìlì, ìyẹn wáyà bàbà tí wọ́n wé róbótó, ni kì í jẹ́ kí ohùn òkè dé ọ̀dọ̀ wúfà. Kàpásítọ̀ ni kì í jẹ́ kí ohùn ìsàlẹ̀ dé ọ̀dọ̀ tuwítà kó sì jó o. Rẹsísítọ̀ ni ó ń bu díẹ̀ kúrò lára agbára tó ń lọ sọ́dọ̀ tuwítà, kó má baà pariwo bo wúfà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ṣe sípíkà yín ló yan iye olúkúlùkù èròjà wọ̀nyí fún wúfà yẹn gan-an àti tuwítà yẹn gan-an, kò sì yàn wọ́n fún òmíràn.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kọ́ìlì kì í sábà bàjẹ́ bí wáyà rẹ̀ kò bá já, rẹsísítọ̀ náà sì máa ń pẹ́ bí wọn kò bá ti fi iná jó o. Kàpásítọ̀ ni ó ń darúgbó. Ọ̀pọ̀ sípíkà ìgbà náà ló lo irú èyí tí bébà tí wọ́n rẹ sínú omi kẹ́míkà wà láàárín alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni omi náà ń gbẹ, ooru sì ń mú kó tètè gbẹ, nítorí náà sípíkà tó ti lo ọdún márùn-ún-dín-láàádọ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú pálọ̀ Òṣogbo ti rí ojú tí èyí tó wà nínú òtútù kò rí. Nígbà tí omi bá ti gbẹ, kàpásítọ̀ yóò kúrò lórí iye tí wọ́n kọ sí i lára, òun fúnra rẹ̀ yóò sì di ìdènà fún ohùn tó yẹ kó jẹ́ kó kọjá.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, mo tú irú sípíkà bẹ́ẹ̀ kan lórí tábìlì mi ní Alékúwodò. Pátákó kírọ́sófà rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kọ́ìlì méjì wà lórí rẹ̀ tí fáníìṣì ara wọn ṣì ń dán, àti kàpásítọ̀ pupa kan tí wọ́n kọ 4 µF (máíkrófárádì, ìwọ̀n kàpásítọ̀) sí, tí rọ́bà tí wọ́n fi dí ìdí rẹ̀ ti là, tí nǹkan kan bí iyọ̀ sì ti hù sí ojú ibi tó là. Mo yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrò lára pátákó, nítorí pé a kì í wọn kàpásítọ̀ nígbà tó bá ṣì so mọ́ àwọn yòókù, mo sì fi mítà wọ̀n ọ́n. Ó ti di 5.1 µF, ìdènà inú rẹ̀ sì ti lé ní 3 ohm (ohm ni ìwọ̀n ìdènà). Ẹ rò ó wò pé 8 ohm ni tuwítà tó wà lẹ́yìn rẹ̀: ohun tí kò yẹ kó ní ju ìdènà díẹ̀ lọ ti fẹ́ tó ìdajì tuwítà. Mo fi kàpásítọ̀ onírọ́bà lásán, ìyẹn pọ́líprópílìn, tí iye rẹ̀ jẹ́ 4 µF sí i, ìdènà tiẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohm. Nígbà tí mo gbé àwo àpàlà sí i, mo gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ṣe ń lu ara igbá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ṣàn lọ.

Nítorí náà, sà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí kì í gba owó. Ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ ojú wúfà jẹ́jẹ́ kó wọlé kó sì jáde. Bí ẹ bá gbọ́ pé ó ń họ, wúfà ní àìsàn tí kàpásítọ̀ kankan kò lè wò. Ẹ wo etí tó yí i ká. Bí fóòmù ni, tó sì ti ń rún bí àkàrà tó gbẹ, òun ni kí ẹ tún ṣe ṣáájú. Ẹ fi mítà wọn tuwítà lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú wáyà rẹ̀: tuwítà 8 ohm tó yè máa ń ka nǹkan bíi 5 sí 7. Bí bọ́tìnì tí wọ́n fi ń dín ohùn òkè kù bá wà lẹ́yìn àpótí, ẹ yí i lọ yí i bọ̀ ní ìgbà ogún, nítorí pé ìpẹtà inú bọ́tìnì nìkan lè pa tuwítà lẹ́nu mọ́. Sípíkà AR-3a ti ilé-iṣẹ́ Acoustic Research ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1967, jẹ́ ọ̀kan nínú èyí tí a mọ̀ fún irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀.

Bí gbogbo wọn bá yè, ẹ pààrọ̀ kàpásítọ̀, kí ẹ sì di iye rẹ̀ mú ṣinṣin. Bí 4 µF ni wọ́n kọ sí i, 4 µF ni kí ẹ rà, kì í ṣe 5 nítorí pé òun ló wà lọ́jà. Ẹ jẹ́ kí ti ọ̀tún àti ti òsì súnmọ́ ara wọn lójú mítà, nítorí pé bí wọ́n bá yàtọ̀, ohùn olórin kò ní dúró sí àárín sípíkà méjèèjì mọ́. Ní ti fọ́ọ̀tì, ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò fi 630 tí wọ́n kọ sí ara kàpásítọ̀ dẹ́rù bà yín: àmúpìlífáyà oníwáàtì 100 lórí sípíkà 8 ohm kò ní gbé ju nǹkan bíi 40 fọ́ọ̀tì lọ níbi tó ga jù, nítorí náà èyí tí wọ́n kọ 100 sí ti tó.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí. Kàpásítọ̀ àtijọ́ ní ìdènà díẹ̀ nínú láti ọjọ́ tó ti jẹ́ tuntun, ẹni tó ṣe sípíkà sì ti ka ìyẹn mọ́ ọn. Bí ẹ bá fi onírọ́bà tí kò ní ìdènà rọ́pò rẹ̀, tuwítà lè wá máa gún etí. Nígbà náà, ẹ fi rẹsísítọ̀ kékeré, ìdajì ohm sí ohm kan, sí ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, kí ohùn gba inú ọ̀kan kọjá bọ́ sí èkejì, kí ẹ sì gbọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ parí.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Mundorf dára, Jantzen ti Denmark dára, ClarityCap ti ilẹ̀ Wales náà dára. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ayọ̀ tí ẹ máa gbọ́ yóò wá láti inú pé ẹ gbé òkú kúrò tí ẹ sì fi alààyè sí ipò rẹ̀. Ohun tí fàdákà àti wúrà yóò fi kún un lẹ́yìn ìyẹn kéré púpọ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ òun ni ọmọ yín yóò fi owó ìlú òkèèrè rà. Ẹ ní kó ra pọ́líprópílìn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n kọ 5% tàbí 3% sí (ìyẹn bí iye rẹ̀ ṣe lè fi yàtọ̀ tó sí èyí tí wọ́n kọ sí i lára), fún ojú ọ̀nà tuwítà. Níbi tí iye bá ti tóbi, bíi 50 µF lápá wúfà, ẹ fi irú ti àtijọ́ tó ní omi kẹ́míkà nínú sí i, ṣùgbọ́n kó jẹ́ tuntun, kó má sì ní àmì ìyọkúrò lára. Onírọ́bà irú iye bẹ́ẹ̀ lè tóbi bí agolo mílíìkì. Ẹ má fọwọ́ kan kọ́ìlì. Ìdènà tó wà nínú wáyà rẹ̀ wà lára ìṣirò wúfà, bí ẹ bá sì gbé èyí tó nípọn tó sì wọ́n sí i, bí ìlù ìsàlẹ̀ ṣe ń dún yóò yí padà kúrò ní èyí tí bàbá yín gbọ́. Àbúrò yín tọ̀nà lórí owó; ọmọ yín ló mọ ibi tí àìsàn wà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń fi sípíkà àtijọ́ lu orin níbi ìnáwó ní Ẹdẹ àti Òṣogbo. Nígbà tí kàpásítọ̀ ọ̀kan bàjẹ́, atúnrédíòṣe kan fi èyí tó yọ lára tẹlifíṣọ̀n sí i. Kò pé oṣù méjì tí tuwítà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha, tó sì kú. Àkọlé ara ti àtijọ́ ti pa rẹ́, n kò sì mọ iye tó yẹ kí n rà. (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Ẹdẹ)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, owó ọjà yín ló bá a lọ. Ẹ wo ara kàpásítọ̀ tẹlifíṣọ̀n náà, ẹ ó rí ìlà kan tí wọ́n fi àmì ìyọkúrò sí. Ìlà yẹn ń sọ pé iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo. Orin kì í gba ọ̀nà kan: ó ń lọ, ó ń bọ̀, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà kàpásítọ̀ bẹ́ẹ̀ yóò máa jìyà títí yóò fi jẹ́ kí ohun tí kò yẹ kọjá sí tuwítà. Èyí tí kò ní àmì ìyọkúrò lára ni ti sípíkà. Bí ẹ bá wà nínú wàhálà ní alẹ́ ọjọ́ ìnáwó, ẹ lè so méjì alámì pọ̀, kí ẹsẹ̀ ìyọkúrò wọn fara kan ara wọn. 10 µF méjì yóò fún yín ní 5 µF. Kó kàn gbé yín dé ilé ni o.

Ní ti iye, ẹ wọn ti sípíkà kejì bí ó bá ṣì yè. Bí kò bá yè, tó sì jẹ́ pé kàpásítọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣọ́ tuwítà, ẹ fi iye Hz (iye ìgbà tí ohùn ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) tí tuwítà ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sọ ohm rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ bá rí pín 159,000. Tuwítà 8 ohm tó bẹ̀rẹ̀ ní 5,000 Hz yóò gba nǹkan bíi 4 µF. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 3,000 yóò gba nǹkan bíi 6.6. Bí kọ́ìlì bá tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuwítà, ìṣirò yìí kò bá a mu mọ́, ẹ wá àwòrán kírọ́sófà rẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, nígbà tí àmúpìlífáyà bá ti ń ké bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ẹ dín ohùn rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀, bí àwọn oníjó tilẹ̀ ń bẹ̀ yín. Igbe yẹn ń pa tuwítà kíákíá.

ÌBÉÈRÈ: Kàpásítọ̀ tuntun tí mo rà kò gba orí pátákó àtijọ́. Ṣé mo lè tò ó sí ibikíbi nínú àpótí? (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Ògo-Olúwa, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ibikíbi. Ẹ gé pákó pẹlẹbẹ tuntun, kí ẹ tò wọ́n sí i ní ìtẹ̀léra kan náà, kí ẹ sì ya àwòrán ti àtijọ́ kí ẹ tó tú wáyà kan. Bí kọ́ìlì bá jẹ́ méjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, kí ọ̀kan dúró, kí èkejì dùbúlẹ̀, nítorí pé bí wọ́n bá kọjú síra wọn, ohùn ọ̀kan yóò máa wọ inú èkejì. Ẹ má fi ìṣó irin gba àárín kọ́ìlì kọjá. Ti idẹ ni kí ẹ lò, kí gbogbo rẹ̀ sì jìnnà sí mágínẹ́ẹ̀tì wúfà. Ẹ fi gúlúù àti okùn ike de kàpásítọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, torí pé èyí tó bá ń mì yóò máa dún nínú àpótí, ẹ ó sì rò pé wúfà ló bàjẹ́. Ẹ di pátákó àtijọ́ àti gbogbo èròjà rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ yọ ọ́ sí i lára, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí náà níbi tí ẹni tó bá tún ṣí i lọ́jọ́ iwájú yóò ti rí i.