Ṣé wèrè ojú títì ń ràn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Takisí ni mo ń wà láti Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí, lọ sí Kùtọnu. Bí awakọ̀ kan bá ti ń ṣe wèrè, kì í pẹ́ tí gbogbo wa á fi máa ṣe é. Ẹnìkan fẹ́ ta ètò kọ̀ǹpútà fún ẹgbẹ́ wa, ó ní á máa fi ẹni tó kó o ràn wá hàn. Ṣé ká rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ má rà á. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé tí wọ́n á bi mí, ó sì ti ń sú mi. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí o, ẹni tó ń kiri ọjà náà ni.

Lóòótọ́, àwa tí à ń fi ìṣirò wo ìrìn ọkọ̀ máa ń sọ pé ìwà ọkọ̀ ń ràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló sábà máa ń ràn sí. Bí ọlọ́zẹ́míjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, bá já wọ iwájú takisí kan, onítakisí á tẹ bíréèkì díẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e á pẹ́ bí ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó rí i, nítorí náà á tẹ tirẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta á tún tẹ tirẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ọkọ̀ kan lẹ́yìn pátápátá á wá dúró gbagidi. Ọlọ́zẹ́míjàn ní tirẹ̀ ti délé, ó ti ń jẹun.

Ohun tí mi ò gbà ni pé ọ̀daràn kan gbọ́dọ̀ wà. Ní Japan, àwọn onímọ̀ to ọkọ̀ 22 sójú ọ̀nà rìbìtì kan tó jẹ́ mítà 230, wọ́n ní kí kálukú máa sáré kìlómítà 30 ní wákàtí. Kò sí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró, kò sí kòtò, kò sí wèrè kankan. Síbẹ̀, sún kẹrẹ fà kẹrẹ bẹ̀rẹ̀. Ó tún ń sún sẹ́yìn bí kìlómítà 20 ní wákàtí, bẹ́ẹ̀ iwájú ni gbogbo ọkọ̀ dojú kọ! Ọdún 2008 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde. Ta ni ètò yẹn máa nàka sí níbẹ̀?

N ò sọ pé kò sí awakọ̀ burúkú. Ọ̀nà Japan yẹn ò sì ní zẹ́míjàn. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá àti asúráǹsì nìyẹn. Ẹ má gbé ìdáhùn mi lọ bá wọn.

Ẹ fi àyè sílẹ̀ níwájú yín. Mo mọ̀ pé zẹ́míjàn á wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, kí ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ má sáré tẹ bíréèkì. Ní Arizona, l'Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan péré tí kọ̀ǹpútà ń darí láàárín bí ogún ọkọ̀ ló fi irú ìrìn pẹ̀lẹ́ yìí tú sún kẹrẹ fà kẹrẹ ká.

Owó tí ẹgbẹ́ ti dá, ẹ fi pààrọ̀ páàdì bíréèkì.