Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ọmọ Ogun Tó Padà Wálé Tí Kò Bá Ilé Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́jọ la máa ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Ìjàpọ̀, níbí ní Àkúrẹ́, láti jíròrò lórí ìwé. Èyí tí a kà kẹ́yìn ni The Forever War, ìtàn àròsọ tí Joe Haldeman, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ nípa ogun tí ọmọ ènìyàn ń bá àwọn ẹ̀dá mìíràn jà láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìwé náà dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ìjà inú rẹ̀ kò tó, pé ìwé tó bá pe ara rẹ̀ ní ìwé ogun gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìbọn dún. Àwa yòókù ní ìgbà tí akọni náà padà sílé ni ìtàn náà wọ̀ wá lára. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo mẹ́nu ba oko tí òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ sá lọ, níbi tí àwọn jàǹdùkú ti pa àwọn òbí ọmọbìnrin náà, ọ̀rẹ́ mi kan búra pé kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí òun kà. Ta ló ń parọ́ nínú àwa méjèèjì?
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Bàbá, kò sí òpùrọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹ̀dà ìwé tí ẹ kà ni kò dọ́gba. Kí ìtàn náà tó di odidi ìwé ní 1974, apá apá ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Analog. Nígbà tí Ben Bova tó jẹ́ olóòtú ibẹ̀ rí apá àárín, èyí tó sọ bí ayé ti bàjẹ́ tó lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun náà, ó ní ìbànújẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, kò sì gbà á. Haldeman wá kọ òmíràn tó rọ̀ díẹ̀ dípò rẹ̀, èyí yẹn náà ló sì wọ inú ìwé ti 1974. Ó di àwọn ọdún 1990 kí apá tí wọ́n yọ tó padà sí àyè rẹ̀, ìtẹ̀jáde ti 1997 sì ni òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ kà sí ojúlówó. Kí ọ̀rẹ́ yín ṣí ojú ewé tí wọ́n máa ń kọ ọdún ìtẹ̀jáde sí, ẹjọ́ yóò parí níbẹ̀.

Ní ti àríyànjiyàn yín, ẹ̀yìn yín ni mo wà. Wọ́n fi túláàsì mú Haldeman wọṣẹ́ ológun ní 1967, ó jagun ní Vietnam, ó sì fara gbọgbẹ́ níbẹ̀ kó tó padà. Ẹni tó ti rí irú èyí kì í kọ ogun bí ẹni ń ròyìn eré bọ́ọ̀lù. Nínú ìwé rẹ̀, ìdúró ni ó pọ̀ jù, àṣẹ tí kò nídìí ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìjà bí ìṣẹ́jú mélòó kan, tí òkú yóò sì sùn lọ bẹẹrẹ. Bí ó bá jẹ́ ìwé tó ń yin iṣẹ́ ológun ni àwọn ọ̀rẹ́ yín ń wá, Starship Troopers tí Robert Heinlein kọ ní 1959 ni kí wọ́n lọ kà. Ẹni tó ń wá iyán kò gbọdọ̀ bínú sí ẹlẹ́kọ. Àléébù tí èmi rí yàtọ̀ sí tiwọn: yàtọ̀ sí Mandella tó ń sọ ìtàn náà, àwọn ọmọ ogun yòókù kò hàn sí mi dáadáa, ẹlòmíràn yóò kú kí n tó mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀.

Ta sì ni yóò ka irú ìwé yìí ní ìpínlẹ̀ Oǹdó tí kò ní rántí Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó? Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ọba rán àwọn akọni ọdẹ lọ sí Òkè Lángbòdó, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló bọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó bọ̀ bá ìlú tó mọ̀ wọ́n, wọ́n sì rí ẹni jíṣẹ́ fún. Ní ti Mandella, nígbà tó kọ́kọ́ padà, ọdún bíi méjì ló ti lò lójú ara rẹ̀, ó sì ti ju ogún ọdún lọ nílé, nítorí pé aago máa ń lọ́ra nínú ọkọ̀ tó bá ń sáré gan-an. Owó oṣù rẹ̀ ti gorí ara wọn di òkìtì (ẹ̀yin tí ẹ ń retí owó ìfẹ̀yìntì, ẹ má bínú), ṣùgbọ́n bí ayé ṣe ń lọ kò yé e mọ́, kò sì pẹ́ tó fi padà sẹ́nu iṣẹ́ ogun, nítorí ibẹ̀ nìkan ni ibi tó ṣì mọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé aago ẹni tó wà nínú ọkọ̀ òfurufú lè lọ́ra ju ti ẹni tó wà nílé lọ, àbí àsọdùn òǹkọ̀wé ni?
Akẹ́kọ̀ọ́, FUTA, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, ọmọ wa. Einstein ṣàlàyé rẹ̀ ní 1905, nígbà tó sì di 1971, àwọn onímọ̀ méjì kan, Hafele àti Keating, gbé àwọn aago átọ́míìkì wọ ọkọ̀ òfurufú èrò yí ayé ká, àsìkò tí wọ́n padà fi hàn kò sì bá ti àwọn tó wà nílẹ̀ mu mọ́. Ìyàtọ̀ yẹn kéré ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ fíìfíì, torí pé eré ọkọ̀ òfurufú kò tó nǹkan. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bíi 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ìgbà tí ènìyàn lọ láti Èkó sí Àkúrẹ́ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún kí o tó ṣẹ́jú. Bí ọkọ̀ bá lè sá ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún eré yẹn, ọdún kan nínú rẹ̀ yóò jẹ́ bí ọdún méje nílé. Bó bá dé 99.9, yóò ju ọdún 22 lọ. Haldeman kọ́ ìmọ̀ físíìsì ní yunifásítì, ó sì mọ ohun tí òun ń ṣe.

Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ ti wù mí jù ni ojú ogun. Nígbà tí ọkọ̀ kan bá débẹ̀, ó lè jẹ́ pé àwọn ọ̀tá tí yóò bá níbẹ̀ gbéra nílé wọn ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìgbà tí òun gbéra, tí ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò rí nígbà náà sì wà lọ́wọ́ wọn. Kò sí ọ̀gágun tó lè fi ìrírí àná múra sílẹ̀ de irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Aago tó ń lọ́ra yìí náà ló jẹ́ kí ọmọ ogun kan náà lè wà níbẹ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, kó sì tún wà láàyè nígbà tó parí lẹ́yìn ohun tó ju 1,000 ọdún lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 13, rí ìwé yìí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó kà á?
Ìyá kan, ìlú Oǹdó.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá wa, ẹ jẹ́ kó dàgbà sí i. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀: òǹkọ̀wé kò fi ìbálòpọ̀ àwọn ọmọ ogun náà bò rárá. Ní báyìí ná, ẹ wá ìwé tó sọ nípa oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ fún un, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì wá ibòmíràn fi tirẹ̀ pamọ́ sí.