Ẹ má tíì pa orúkọ ọmọ Rọ́ṣíà náà rẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ béèrè nípa ọmọ ọdún 17 tó ń gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nínú họ́kì orí yìnyín yẹn. Bí ìbéèrè yín ṣe yé mi nìyí: ọmọ náà ń kó ju pọ́ìntì kan lọ (góòlù tó gbá tàbí èyí tó ṣèrànwọ́ fún) nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní MHL, líìgì àwọn ọ̀dọ́ Rọ́ṣíà, ẹgbẹ́ àgbà rẹ̀ ti pè é sí KHL, líìgì àwọn àgbà, lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, kò sì tíì gbá góòlù kankan wọlé níbẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn kì í sábà lò ó, àfi ọjọ́ kan tó rán an wọlé ní ìpín kẹta, èyí tó kẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ń fi góòlù kan péré ṣíwájú. Àwọn kan ti wá ń gbà yín níyànjú pé kí ẹ pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kúrò lára àwọn tó tọ́ sí ìpele àkọ́kọ́ nínú draft NHL, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ líìgì họ́kì ńlá ti Àríwá Amẹ́ríkà fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa á rẹ́.

Mo gbé ní Chelyabinsk láti 2010 títí di 2016 nígbà tí mo ń kàwé níbẹ̀. Ìlú họ́kì orí yìnyín ni. Traktor ni ẹgbẹ́ àgbà wọn, ṣùgbọ́n Belye Medvedi, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ rẹ̀, ni mo máa ń lọ wò jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ọmọ tí NHL yóò yàn lọ́la wà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ èrò mi sílẹ̀ lọ́dọọdún nípa irú àwọn ọmọ yìí kí ọjọ́ draft tó pé. Mo ti ṣìnà lọ́pọ̀ ìgbà, àṣìṣe wọ̀nyẹn ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ góòlù KHL sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ wá iye ìṣẹ́jú tí ọmọ náà fi wà lórí yìnyín. Ìṣẹ́jú 60 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹni tó bá jẹ́ òpó ẹgbẹ́ níwájú lè lo nǹkan bí 18 tàbí 20 nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọdé tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni kẹtàlá nínú àwọn ará iwájú lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹta péré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ìwọlé kọ̀ọ̀kan má sì tó ìṣẹ́jú kan. Mo ti rí irú wọn tó pọ̀. Ìdí bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń jókòó sí, wọn á máa mi orúnkún kí ẹsẹ̀ má bàa tutù. Nígbà tí wọ́n bá sì fi wákàtí kan àtààbọ̀ jókòó, tí wọ́n wá ní kí wọ́n bọ́ sí àárín àwọn àgbàlagbà tí ara wọn ti gbóná, kí la fẹ́ kí ọmọ fi ìṣẹ́jú àáyá 40 ṣe? Akọ́nimọ̀ọ́gbá náà ní ìdí tirẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún léraléra, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé Amẹ́ríkà ló ń lọ kì í ṣe ẹni tí yóò fi oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lé lórí.

Ẹ wo Matvei Michkov, ọmọ Rọ́ṣíà mìíràn. Ní sáà 2022-23, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta ni SKA ti St. Petersburg lò ó nínú KHL, kò sì rí pọ́ìntì kankan. Wọ́n yá a fún Sochi, tí kò lágbára tó SKA rárá, àmọ́ tí wọ́n fún un láyè, ó sì kó pọ́ìntì 20 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 27. Ọmọ kan náà ni, nínú líìgì kan náà, láàárín sáà kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dá ti SKA nìkan wò yóò sọ pé kò tíì tó àgbà bá ṣeré. Philadelphia Flyers yàn án ní ipò 7 ní 2023, ó sì gbá góòlù 26 wọlé ní sáà tó kọ́kọ́ lò níbẹ̀.

Pọ́ìntì MHL náà ní ọgbọ́n tí a fi ń kà á. Líìgì yẹn kò dọ́gba. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá Moscow àti St. Petersburg máa ń ṣa àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n gbá jọ láti gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì lè na ẹgbẹ́ ìlú kékeré ní góòlù mẹ́jọ sí òdo láìlàágùn. Nítorí náà, ẹ yọ irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò, kí ẹ tún èyí tó kù kà: mélòó ló rí nígbà tí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ tó lágbára nílé wọn? Mélòó nínú rẹ̀ ló rí nígbà tí ẹgbẹ́ kejì pé, tí wọn kò rán ẹnikẹ́ni lọ jókòó nítorí ẹ̀ṣẹ̀? Mo mọ̀ pé nígbà mìíràn nọ́ńbà náà á ga débi pé kò sí ohun tí a lè yọ tí yóò bà á jẹ́. Ivan Demidov kó pọ́ìntì 60 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 30 ní MHL ní sáà 2023-24, Montréal sì yàn án ní ipò 5. Ṣùgbọ́n irú èyí kì í wọ́pọ̀, ọmọ tiyín kò sì tíì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Ní ọdún kejì mi ní Chelyabinsk, ọmọ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ yá lórí pọ́ọ̀kì, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá, bí ọwọ́ ẹni tó ń hun aṣọ òfì. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣì í wò. Gbogbo góòlù rẹ̀ ni mo wò lórí fídíò, mo sì kọ ọ́ síta pé kò ní kọjá ipò 20. Ìpele méje ni wọ́n fi yan àwọn ọmọ lọ́dún yẹn, wọ́n sì yàn wọ́n tán láìpe orúkọ rẹ̀. Ara mi kò gbà á. Ní sáà tó tẹ̀lé e, mo lọ jókòó sí pápá, mo pinnu pé n kò ní wo pọ́ọ̀kì rárá, pé ọmọ yẹn nìkan ni n ó máa wò láti ìgbà tó bá fo pátákó tó yí pápá ká wọlé títí yóò fi padà jókòó. Bírò mi ti dì nínú àpò kóòtù láti ibùdókọ̀, ni mo bá yá pẹ́ńsù lọ́wọ́ obìnrin tó ń gba kóòtù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọmọ náà wọlé lẹ́ẹ̀mejìlélógún. Ẹ̀ẹ̀meje ni pọ́ọ̀kì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí ìlà búlúù, èyí tó pààlà agbègbè ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú méje yẹn, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló dúró gbagidi, tó gbé igi rẹ̀ sókè, tó ń wo ojú rẹfirí bóyá yóò fọn fèrè, nígbà tí ẹni tó gba pọ́ọ̀kì náà ti ré kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀méjì tó kù, ó padà, ṣùgbọ́n bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́ ló padà. Ibi tí àwọn tó ń ṣe ìpinnu fún NHL ń wò nìyẹn, tí èmi kò sì wò, nítorí pé kò sí ẹni tó ń gé irú rẹ̀ mọ́ fídíò góòlù.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan méjì ni mo máa ń fi pẹ́ńsù kà. Èkíní ni ìgbésẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí pọ́ọ̀kì bá bọ́. Èkejì ni bí ọmọ ṣe ń yí orí: kí pọ́ọ̀kì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ létí pátákó, ṣé ó ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tó ń bọ̀? Mo máa ń sàmì tóótóó kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tó bá wò. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì fún ọmọ Rọ́ṣíà ni pé púpọ̀ nínú wọn dàgbà lórí pápá tó fẹ̀ tó mítà 30, nígbà tí ti NHL kò ju nǹkan bíi mítà 26 lọ. Mítà mẹ́rin yẹn ni ọmọ fi ń ráyè gba pọ́ọ̀kì kó tó gbé orí sókè. Ní Amẹ́ríkà, èjìká ẹlòmíràn ni yóò bá níbẹ̀. Ọmọ tó ti mọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò láti ọdún 17 kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé pápá ti kéré.

Ìwé tí mo ń kọ nǹkan wọ̀nyí sí ló tún dá mi lẹ́bi lórí Valeri Nichushkin, ọmọ bíbí Chelyabinsk. Ó wọ ẹgbẹ́ àgbà Traktor ní sáà 2012-13, ó gba àmì ẹ̀yẹ ẹni tuntun tó ta yọ jù ní KHL, ẹgbẹ́ náà sì dé àṣekágbá Gagarin Cup, ife-ẹ̀yẹ KHL, ní 2013 kí Dynamo Moscow tó borí wọn. Dallas Stars yàn án ní ipò 10 lọ́dún náà. Gbogbo ìlú ń yọ̀, èmi náà sì kọ ọ́ síta pé ẹni tí yóò máa gbá góòlù 30 lọ́dọọdún ti dé. Góòlù 14 ló gbá ní sáà àkọ́kọ́. Ìpalára ìbàdí gba sáà kejì lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó padà sí Rọ́ṣíà, ó lo sáà méjì ní CSKA ti Moscow, ó tún lọ sí Dallas, ó sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 57 ní 2018-19 láìgbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Wọ́n sanwó fún un kí ó máa lọ. Àwọn tó mọ ohun tí mo kọ nípa rẹ̀ rán mi létí dáadáa ní ọdún yẹn.

Colorado Avalanche ló gbà á. Ní 2021-22 ó gbá góòlù 25, ó tún gbá mẹ́sàn-án sí i nínú ìdíje àṣekẹ́yìn tí wọ́n fi gba Stanley Cup, ife-ẹ̀yẹ NHL. Nígbà tí mo padà ṣí ìwé Chelyabinsk wò, mo rí i pé ìlà kan péré ni mo kọ nípa góòlù rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ìwé odindi kan ni mo fi kọ bí ó ṣe ń fi ara ńlá rẹ̀ bo pọ́ọ̀kì létí pátákó, àti bí ó ṣe ń lépa ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi gbà á padà. Ohun tó gbé e ró nígbà tí góòlù gbẹ nìyẹn, òun ló sì jẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn tún gbà á. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú ara mi, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀, n kò kàn ka ohun tí mo kọ ni.

Ní ti gíga ọmọ tiyín, èyí tí ẹ ní ó ń kọ yín lóminú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni 57 ni wọ́n yàn ṣáájú Nikita Kucherov ní 2011, bẹ́ẹ̀ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó pọ́ìntì 21 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 ni. Ipò 135 ni wọ́n fi Kirill Kaprizov sí ní 2015. Àwọn méjèèjì sì di ìràwọ̀ ní NHL. Ìbẹ̀rù méjì ló so pọ̀ mọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀: pé wọn kò ga, àti pé bóyá ni wọn yóò wá. Ti àkọ́kọ́ kò tó nǹkan lójú mi bí ọmọ bá mọ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ti kejì ló yẹ kó ká yín lára, nítorí pé kò sí àdéhùn láàárín NHL àti KHL tó lè gba ọmọ kúrò nínú ìwé tó ti fọwọ́ sí. Minnesota, ẹgbẹ́ tó yan Kaprizov, dúró dè é fún ọdún márùn-ún. Nítorí náà, ẹ wádìí ọdún tí ìwé àdéhùn ọmọ náà yóò parí kí ẹ tó wádìí ohunkóhun mìíràn nípa ìdílé tàbí ìwà rẹ̀. Láti 2022 tí wọ́n ti yọ Rọ́ṣíà kúrò nínú ìdíje àgbáyé, a kò tún rí wọn kí wọ́n kojú àwọn ọmọ Kánádà tàbí Sweden mọ́, èyí sì mú kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ KHL díẹ̀ tí ọmọ bá gbá níye lórí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ sọ pé oṣù Kẹjọ ni wọ́n bí i. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ ọn. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ni NHL fi pààlà ọjọ́ orí: ẹni tí kò bá ní pé ọdún 18 títí di ọjọ́ náà yóò dúró de draft ọdún tó tẹ̀lé e. Ọjọ́ méjì péré ló mú kí Alexander Ovechkin, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 17 oṣù náà ní 1985, dúró títí di 2004. Ọmọ tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan kéré sí àwọn kan tí wọ́n ń fi í wé.

Wàyí o, ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ni ìlà kan tí ẹ kọ, tí ẹ sì yára kọjá: pé akọ́nimọ̀ọ́gbá tí kì í lò ó rán an wọlé ní ìpín kẹta nígbà tí wọ́n ń fi góòlù kan ṣíwájú. Wọn kì í fi ọmọ ọdún 17 síbẹ̀ nítorí ọwọ́ tó yá. Ẹ wá fídíò ìwọlé yẹn, odindi rẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìwo pọ́ọ̀kì. Bí ó bá ti ń padà sẹ́yìn kí ẹgbẹ́ kejì tó kọjá ìlà búlúù, tí igi rẹ̀ sì wà nílẹ̀ lójú ọ̀nà pọ́ọ̀kì, àárín ipò 15 sí 25 ni èmi yóò kọ orúkọ rẹ̀ sí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó dúró ń wo rẹfirí ni, ẹ fi í sí ìpele kẹta, kí ẹ tún lọ wò ó ní sáà tó ń bọ̀.